Ọmọ mi ń gbọ̀n tó bá ti gbúròó kẹ̀kẹ́ bándéèjì. Kí lẹ̀yin ṣe nígbà tí tiyín wà ní ọsibítù?

Ìyá Tómiwá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Omi gbígbóná bó ọmọ mi lẹ́sẹ̀, ọmọ ọdún 5 ni, láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, ọjọ́ 9 rèé tá a ti wà ní ọsibítù. Egbò yẹn ń jinná, dókítà ní kò ní gbà kí wọ́n lẹ awọ míì mọ́ ọn, mo dúpẹ́. Bándéèjì ló ń pa mí lẹ́kún. Ọjọ́ méjì-méjì ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, àwa mẹ́rin la dì í mú, èmi gan-an wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ló wà léjìká ẹ̀, ó ń wo ojú mi ó ń pariwo "màmá ẹ sọ fún wọn, ẹ sọ fún wọn", mi ò sì sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ yẹn, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti bándéèjì bọ̀, ọ̀kan nínú táyà ẹ̀ máa ń han, tó bá ti gbọ́ ọ báyìí láti ọ̀nà jíjìn ara ẹ̀ á ti máa gbọ̀n, lẹ́yìn ìyẹn ó tún tọ̀ sára, ọmọ tí kì í tọ̀ sílé mọ́ láti ọdún mélòó kan. Pàrásítámọ̀ ni wọ́n ń fún un, wọ́n ní ó tó. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé ẹ̀rù ló ń bà á, pé kì í ṣe pé ó ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Lọ́la ni wọ́n tún máa pààrọ̀ ẹ̀. Mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà, mo kàn fẹ́ mọ ohun tí mo lè béèrè lọ́wọ́ wọn àti ohun tí mo lè ṣe fúnra mi. Ẹ jọ̀ọ́.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọdé:
Ìyá Tómiwá, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni, ẹ kú ìtọ́jú. Wọ́ọ̀dù ọmọdé ni iṣẹ́ mi, mo ti bá wọn pààrọ̀ bándéèjì egbò iná àti ti omi gbígbóná tí mi ò lè kà mọ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀rù yẹn kúrò nílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ló kó ẹ̀rù bá a? Ìrora tó jẹ ní ìgbà àkọ́kọ́ ni. Ara ọmọ tó ti rí irú ẹ̀ rí á ti máa retí ìkejì, ara ẹ̀ á ti le gbagidi kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ìgbà tí ara bá sì ti le báyẹn nǹkan tí ì bá ta á díẹ̀ á dùn ún wọ egungun. Ẹni tó ní ẹ̀rù ni kì í ṣe ìrora ti ń ya nǹkan méjì tí kò ṣeé yà.

Ohun tẹ́ ẹ máa béèrè lọ́la kí kẹ̀kẹ́ tó dé rárá: "Ẹ jọ̀ọ́, oògùn ìrora wo lẹ máa fún un nítorí bándéèjì yìí gan-an, aago mélòó sì lẹ máa fún un?" Ìbéèrè aago yẹn ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Oògùn tí ọmọ gbé mì kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó ń fẹ́ bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan, mo sì ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n fún ọmọ ní oògùn nísinsìnyí kí wọ́n sì máa ṣí egbò ẹ̀ nísinsìnyí náà, ìgbà tí oògùn á fi dé ibi tó ń lọ iṣẹ́ ti parí. Pàrásítámọ̀ dáa, kẹ́ ẹ má dá a dúró, àmọ́ òun nìkan ò tó fún bándéèjì egbò omi gbígbóná tó gùn tó bẹ́ ẹ ṣe wí yìí. Ọ̀pọ̀ ibi máa ń fi mọ́fíìnì olómi tí wọ́n ń mu kún un, àwọn míì ní fentanyl tí wọ́n ń fín sí ihò imú, ìyẹn yára gan-an kò sì ní abẹ́rẹ́ nínú, àwọn míì ní gáàsì tí ọmọ á fúnra ẹ̀ di ìbòmú ẹ̀ mú tí á máa fà á símú. Tó bá le ju ìyẹn lọ, wọ́n lè kùn ún lóorun díẹ̀ pẹ̀lú ketamine, kí dókítà oorun wà níbẹ̀. Èwo ni wọ́n ní, èwo ló bá ara ọmọ yín mu, àwọn ló máa sọ. Tiyín ni kẹ́ ẹ béèrè.

Èkejì, bándéèjì tó ti gbẹ mọ́ egbò, ẹ ní kí wọ́n fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ ẹ́ dáadáa kí wọ́n tó ṣí i. Kí wọ́n ní sùúrù fún un. Iṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n bá fi rẹ ẹ́ á gba ọmọ lọ́wọ́ ohun púpọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń sùn, tí yàrá míì bá wà. Ó yẹ kí ibì kan wà ní ọsibítù yẹn tí ọmọ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní fi nǹkan dun òun níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ kú iṣẹ́ o nọ́ọ̀sì. Tèmi ò pọ̀, ti dírípù àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà ni. Kíríìmù kan wà tó ń jẹ́ EMLA, wọ́n máa ń fi pa ojú ibi tí wọ́n fẹ́ gún kí ibẹ̀ kú, ẹ bo ó pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n máa fún yín, ẹ jẹ́ kó lo wákàtí kan gbáko. Àwọn kan ń fi í sí i ní iṣẹ́jú 10 wọ́n á wá ní kíríìmù yẹn ò wúlò. Ẹ pa á sí ojú méjì torí ibi àkọ́kọ́ lè má rí iṣan. Lójú egbò kọ́ o, ara tó dá ni.

Ohun míì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a dùbúlẹ̀ gbalaja kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n gún Kẹ́hìndé mo gbé e jókòó sí itan mi, àyà ẹ̀ kọjú sí àyà mi, mo di apá ẹ̀ kan mọ́ra, ọwọ́ kejì wà níta fún wọn lẹ́yìn mi. Kò rí abẹ́rẹ́, èmi ló rí. Ó sunkún díẹ̀ ó sì dákẹ́. Ọmọ tó jókòó kì í bẹ̀rù tó ọmọ tí wọ́n dá sílẹ̀.

Ìyá Àdùnní:
Ìyá Tómiwá, mo ka ibi tí ọmọ ti ní "ẹ sọ fún wọn" yẹn, omi bọ́ lójú mi. Ọmọ mi ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, ọdún 11 ni báyìí, a ti sùn sí ọsibítù jù bí mo ṣe lè rántí lọ. Ohun kan tí mo ti kọ́ ni pé ohun tí ọmọ bá ní ó ń dùn òun tó, bẹ́ẹ̀ ló ń dùn ún tó. Kò sí ẹ̀rọ kankan tí wọ́n fi ń wọn ìrora ẹlòmíì, ẹnu ẹni tó ń jẹ ẹ́ nìkan ló wà.

Àwọn èèyàn máa ń wo Àdùnní tó ń wo fídíò lórí fóònù wọ́n á ní "ẹni tí nǹkan ń dùn lè máa wo fídíò bí?" Ó lè ṣe é! Fídíò yẹn gan-an ló fi ń sá fún un. Tí ìrora bá le dójú ẹ̀ tán kì í tiẹ̀ sunkún mọ́, ńṣe ló máa ń dákẹ́ lọ rọrọ, á káwọ́ kásẹ̀, kò ní fẹ́ kẹ́nì kankan jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì torí bẹ́ẹ̀dì á mì. Ọmọ tó ń pariwo ní wọ́ọ̀dù, gbogbo èèyàn á sáré lọ bá a, ọmọ tó dákẹ́ sínú ìrora, kò sẹ́ni tó máa wò ó. Ẹ máa ṣọ́ ọmọ tó dákẹ́.

Ẹ kọ́ Tómiwá bó ṣe máa sọ ọ́. Àwòrán ojú 6 kan wà tí wọ́n ń lò, Wong-Baker ni wọ́n ń pè é, láti orí èyí tó ń rẹ́rìn-ín dé èyí tó ń da omi lójú, 0 títí dé 10, ọmọ ọdún 3 sókè lè fọwọ́ tọ́ka sí i. Àmọ́ ẹ ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa fún un nígbà tí ara bá tù ú, torí Àdùnní nígbà tó wà ní kékeré máa ń mú èyí tó ń rẹ́rìn-ín torí òun ló wù ú. Kì í ṣe èyí tó wù ẹ́ o, èyí tó jọ bó ṣe ń ṣe ẹ́. Àwòrán míì wà tí kò ní ẹ̀rín kò sì ní omijé nínú, èmi fẹ́ràn ìyẹn jù.

Ẹ tún bi í ní èdè wa. A ní ọ̀rọ̀ fún un dáadáa: ṣé ó ń ta ẹ́ ni, àbí ó ń jó ẹ́, àbí ó ń ro ẹ́, àbí ó ń sọ ẹ́ kìkì, àbí ó ń gún ẹ bí abẹ́rẹ́? Èyí tó ń jó àti èyí tó ń ro kì í ṣe nǹkan kan náà lójú dókítà, oògùn wọn lè yàtọ̀. Mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan: aago mélòó, ó ń ṣe é báwo, nọ́ńbà mélòó, oògùn wo, ìgbà wo ló padà. Dókítà tó bá rí ìwé yẹn kì í bá mi jiyàn.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta:
Ẹ má bínú o, èmi ò gbà kí ìyá máa wà níbẹ̀. Tèmi, ìyàwó mi bá jáde síta ọmọ á dákẹ́, ó bá wọlé báyìí ẹkún á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ká jáde, a jáde, wọ́n ṣe é tán kíá.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọdé:
Bàbá, mo gbọ́ yín, àìmọye òbí ló ti sọ ọ́ fún mi. Ẹkún tó ń pọ̀ sí i tó bá rí ìyá ẹ̀, kì í ṣe pé ó ń dùn ún sí i o. Ó ti rí ẹni tó lè sunkún sí lára ni. Ọmọ tó dákẹ́ nígbà tí kò sẹ́nì kankan, kò túmọ̀ sí pé kò jẹ ìrora. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá lè dúró dúró. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni kí ìyá wà lára àwọn tó ń dì í mú. Tí wọ́n bá gbọ́dọ̀ di ẹsẹ̀ yẹn mú kó má baà gbọn, kí òṣìṣẹ́ ṣe ìyẹn. Ìyá Tómiwá, níbi orí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wà, ẹnu yín àti ojú yín ló nílò. Tí ẹ̀jẹ̀ bá máa ń kó yín láyà jẹ, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹ ní kí bàbá ẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n yín dúró.

Ẹ má sì sọ fún un pé kò ní dùn ún. Tó bá dùn ún lẹ́yìn tẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kò ní gbà yín gbọ́ mọ́ ní ọ̀tunla. Ẹ sọ fún un pé "ó lè ta ẹ́ díẹ̀, wọ́n ti fún ẹ lóògùn kó má baà pọ̀, tó bá pọ̀ jù wí fún mi, a ó dúró". Kẹ́ ẹ sì bá wọn ṣàdéhùn pé wọ́n máa dúró lóòótọ́, kó gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Ọmọ tó bá mọ̀ pé òun lè dá a dúró, kì í sábà dá a dúró ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Kí wọ́n jẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ tú èyí tó wà lókè pátápátá.

Apòògùn Kan:
Ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un ní ti oògùn torí mo ti ń rí i pé ẹ̀rù mọ́fíìnì á ba àwọn kan níbí. Ọmọ tí wọ́n fún ní mọ́fíìnì nítorí ìrora ní ọsibítù, ní ìwọ̀n tó bá kílò ẹ̀ mu, fún ọjọ́ díẹ̀, kì í tìtorí ẹ̀ di ẹni tí oògùn ń pè. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni oorun tó bá wúwo jù tó ṣòro láti jí i, àti mímí tó bá ń falẹ̀, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, oògùn tó ń já a wà níbẹ̀. Ara lè máa yún un, èébì lè máa gbé e, ìgbẹ́ ẹ̀ lè le, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fún un ní èyí tó ń mú inú rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Pàrásítámọ̀: kílò ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, 15 mílígíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan ló wọ́pọ̀, wákàtí 4 sí 6 láàárín, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ ní wákàtí 24. Ní ọsibítù, ẹ béèrè bóyá wọ́n kọ ọ́ pé "tó bá ń dùn ún" tàbí "ní aago báyìí báyìí". Tó bá jẹ́ "tó bá ń dùn ún" ni wọ́n kọ, tí ọmọ ò sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa fún un. Ní ọjọ́ tí ìrora bá ń wà ṣáá, aago ló dáa jù.

Kí ẹnikẹ́ni má fún ọmọ ní aspirin láìjẹ́ pé dókítà ló ní kẹ́ ẹ fún un, ó lè fa àìsàn tó ń ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ jẹ́. Codeine náà, láti ọdún 2017 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, torí inú ara àwọn ọmọ kan máa ń sọ ọ́ di mọ́fíìnì kíákíá jù, wọ́n á kàn máa sùn lọ, mímí á dúró. Tramadol náà wà lórí òfin yẹn. Ẹ má gbé oògùn àgbà kan wá láti ilé kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ dá a sí méjì fún ọmọ.

Màmá Dàmọ́lá:
Tèmi ò lè sọ̀rọ̀, ọpọlọ ẹ̀ ò dàgbà bí tàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, torí náà nọ́ńbà àti àwòrán ojú ò wúlò fún wa. Nọ́ọ̀sì kan ló fi FLACC hàn mí, wọ́n ń wo ojú ọmọ, ẹsẹ̀ ẹ̀, bó ṣe ń yíra, ẹkún ẹ̀, àti bóyá ó ń gba ìpẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 2, tẹ́ ẹ bá rò ó pọ̀ kò lè ju 10 lọ. Àmọ́ mo sọ fún wọn pé Dàmọ́lá máa ń rẹ́rìn-ín tí nǹkan bá ń dùn ún gan-an, ẹ̀rín tó le tí kò ní ìdùnnú nínú, á sì máa fi etí ọ̀tún ẹ̀ gbá ìrọ̀rí. Wọ́n kọ ọ́ síwájú fáìlì. Kò sẹ́ni tó lè mọ ìyẹn tí mi ò bá sọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ àmì tiẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé.

Ẹni Tíátà Iṣẹ́ Abẹ:
Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ibi tí Ìyá Tómiwá ti ní òun ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà. Ìbéèrè kì í ṣe ìjà o. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé ọmọ ìkókó ò mọ ìrora bí àgbàlagbà, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé oògùn oorun á pa á. Ní ọdún 1985, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ kan tí wọ́n bí ṣáájú àsìkò ní Washington, oògùn tí kò jẹ́ kí ara lè mira nìkan ni wọ́n fún un, kò sí ti ìrora. Ìyá ẹ̀ ò mọ̀. Ẹ̀yìn tí ọmọ yẹn kú tán ló lọ béèrè, wọ́n sọ fún un, ó gbé ọ̀rọ̀ náà síta fún gbogbo ayé. Ní ọdún 1987 Dókítà Anand àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Oxford gbé ìwádìí jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà, pé àwọn ọmọ àìtọ́jọ́ tí wọ́n fi fentanyl kún oògùn oorun wọn ṣe dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ju àwọn tí wọn ò fún lọ. Ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má yọ ọmọ ìkókó sílẹ̀ mọ́ nínú oògùn oorun àti ti ìrora.

Ara ò sì gbàgbé. Ìwádìí kan wà lọ́dún 1997 láti Toronto, àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n dábẹ́ fún láìsí oògùn, nígbà tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní oṣù 4 tàbí 6, ìrora tó hàn lójú wọn pọ̀ ju tàwọn tí wọn ò dábẹ́ fún lọ, àwọn tí wọ́n fi EMLA pa kó tó di pé wọ́n dá a wà láàárín. Ọmọ oṣù mẹ́rin tí kò lè rántí nǹkan kan o. Torí náà ẹ béèrè ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, tí ẹni àkọ́kọ́ bá ní kò sí, ẹ ní ẹ fẹ́ rí dókítà tàbí ẹni tó ń bójú tó ìrora ní ọsibítù yẹn.

Ìyá Tómiwá:
Ẹ ṣeun gan-an ni gbogbo yín, mo ka gbogbo ẹ̀ lálẹ́ àná tí Tómiwá sùn. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe lọ.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà láago 7, mo bi í ní ìbéèrè yẹn gẹ́lẹ́ bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́, oògùn wo àti aago mélòó. Ó wò mí, ó jókòó, ó ṣí fáìlì, ó ní "kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan ju pàrásítámọ̀ lọ." Ó pe dókítà. Wọ́n kọ mọ́fíìnì olómi, wọ́n fún un láago 9:15, wọ́n fi pípààrọ̀ bándéèjì sí aago 10. Wọ́n ní yàrá míì ò sí, àmọ́ wọ́n gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ lọ sórí èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé nǹkan bándéèjì wá lọ́wọ́, kí kẹ̀kẹ́ yẹn dúró síta.

Wọ́n rẹ ẹ́. Ó fọwọ́ ara ẹ̀ tú ti òkè, ó rọra ń ká a, ó ń ká a mọ́ àtàǹpàkò ẹ̀ bí ẹni ń ká òwú, kò sẹ́ni tó kán an lójú. Ó gbé ọwọ́ sókè ní ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n dúró ní ẹ̀ẹ̀mejì. Níbi ọrùn ẹsẹ̀ tó ti lẹ̀ jù ó sunkún, mo di ojú ẹ̀ mú, mo ní kó fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde bí ẹni ń fẹ́ iná àbẹ́là, ó fẹ́ ẹ sí mi lójú títí wọ́n fi ṣe é tán. Kò tọ̀ sára. Kò sẹ́ni tó dì í mú. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ pé kó má bínú ti ọjọ́ àkọ́kọ́, pé mo yẹ kí n sọ fún wọn. Ó ní "ẹ ti sọ fún wọn lónìí."

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Lálẹ́ ó ń ní kòkòrò ń rìn lẹ́sẹ̀ òun, kòkòrò ń jẹ òun lábẹ́ bándéèjì. Ṣé ó ti ń bàjẹ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọdé:
Inú mi dùn jọjọ! Kòkòrò yẹn, ẹ̀yún ni, awọ tuntun tó ń hù ló máa ń yún báyẹn, ó wọ́pọ̀ gan-an nínú egbò iná tó ń jinná, ó sì máa ń pọ̀ lálẹ́. Ẹ má gbójú fò ó torí àwọn míì ní ẹ̀yún ò tó nǹkan, ó lè máà jẹ́ kó sùn rárá. Ẹ sọ fún dókítà láàárọ̀, oògùn ẹ̀yún wà, tí ìyẹn ò bá ràn án èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí iṣan ara wà. Ẹ gé èékánná ẹ̀ sílẹ̀, tó bá yún un kó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a jẹ́jẹ́ lórí bándéèjì dípò kó họ ọ́. Tí egbò bá ti pa dé, kẹ́ ẹ máa fi ìpara tí kò ní òórùn pa á lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́. Àmọ́ tí ara ẹ̀ bá gbóná, tí ibẹ̀ bá ń rùn, tí pupa bá ń tàn kọjá etí egbò tàbí tí ìrora bá ṣàdédé pọ̀ sí i, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀yún, ẹ pè wọ́n lálẹ́ yẹn.

Ẹ sì sọ fún wọn ní ọ̀tunla kí wọ́n má rò pé ó ti mọ́ ọn lára kí wọ́n wá yọ oògùn aago 9:15 yẹn kúrò.

Ìyá Tómiwá:
Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé kékeré. 9:15, omi iyọ̀, ọwọ́ sókè, kẹ̀kẹ́ níta. Àwọn nọ́ọ̀sì alẹ́ ti kà á, ọ̀kan ní òun á fi epo sí táyà yẹn.